Ẹ̀rọ Tí Bàámi Kò Gbọdọ̀ Gbọ́

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Bàrígà, ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ má rò pé a mọ̀wàá hù ju àwọn yòókù lọ o. Bàámi ló ní orí àwọn ń hó. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń mi ilẹ̀ tìtì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, débi pé bí wọ́n bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó ṣì máa gbóòórùn yíǹkì lára wọn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wà nílé, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ariwo kankan mọ́. Wọ́n ní kí a gbé rédíò pamọ́. Wọ́n ní kí a má tan fáànù onídùúró mọ́, pé ó ń kùn sí àwọn létí. Màámi, tó jẹ́ tíṣà, tí wọ́n ń fi ohùn kan ṣoṣo darí kíláàsì tó kún fọ́fọ́, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á wá di ẹni tó ń yọ́ rìn nínú ilé ara wọn. Ní ìta, ẹ̀rọ ata ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé ń lu agogo. Bàámi ní ti ìta, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i, ti inú ilé ni kí a pa. A sì pa á. Èmi tí Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ẹnu mi kò ní ìlẹ̀kùn, ojú mi rí nǹkan lọ́dún yẹn.

Ìyá Àgbà nìkan ni òfin náà kò mú. Àwọn ni ìyá tó bí Bàámi, ọmọ etídò Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n sì ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé wa bí ẹni pé odò ṣì wà níwájú wọn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀, tí yóò ní kí wọ́n dákẹ́? Ohùn tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ lórí omi nígbà èwe wọn náà ni wọ́n fi ń bèèrè iyọ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, iṣẹ́ mi ni kí n fẹ́ iná sábẹ́ ẹja, kí n pọnmi láti ojúlé kejì, kí n sì bá wọn sẹ́ ògì. Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń jẹ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará etídò, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, òórùn èéfín yẹn á sì wọ aṣọ ilé-ìwé mi débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Fúnmi Ẹlẹ́ja. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Lónìí, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan níbikíbi, n ó dúró, n kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi "ó" sọ tirẹ̀ níbí, kí "wọ́n" má baà pọ̀ jù nínú ìtàn. Ó ti jáde ilé-ìwé girama, ó ń retí yunifásítì tí kò tíì pè é, ó sì ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Fọ́lá Àgòrò. Bó bá ti ṣíwọ́, ilé gẹ́ẹ̀mù ní Pẹ́dírò ló kù, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń há mọ́ra bí ẹja inú agolo, tí wọ́n ń kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá wọlé, Bàámi á ti wà lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n kẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn. Kúnlé á dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, á rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ nítorí orí Bàámi. "Ẹ kúulé, sà." Bàámi kò ní dáhùn. Kúnlé á dìde, á gbọn eruku orúnkún rẹ̀, á kọjá sí yàrá. Mo rí i lójoojúmọ́. Yorùbá ni wá, kí ni kí n tún máa ṣàlàyé? Bàbá lè bú ọmọ, ó lè nà án, ọmọ rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá má tilẹ̀ sọ pé "pẹ̀lẹ́", kò sí ẹgba tó ta jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ lọ pọnmi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀. "Fúnmi, Bàámi ti kọ̀ mí. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá ní Pẹ́dírò. Bí oṣù yìí bá parí, mo ń kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀." Mo bú sẹ́kún lẹ́nu ẹ̀rọ omi níbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a tó gbé kẹ́ẹ̀gì kejì dé ilé, Ìyá Àgbà ti gbọ́.

Ìyá Àgbà kò fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Wọ́n nu ọwọ́ ẹja sára ìró, wọ́n lọ dúró síwájú Bàámi. "Akin! Ọmọ ẹ fẹ́ lọ o. Gẹ́ẹ̀mù ló ń lé kiri, àbí? Jẹ́ kó gbé e wálé, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè dúró." "Ó lè gbé e wá," ni Bàámi wí, "ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ yẹ̀yẹ́ ẹ̀rọ tó máa bàjẹ́ lọ́la, tí yóò tún máa wá òmíràn kiri ìgboro. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ híntín rẹ̀, ó ń jáde." Ìyá Àgbà ní, "Tí ọmọ bá bá a jáde ńkọ́?" Bàámi ní, "Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ̀." Ìyá Àgbà kàn mi orí. "Akin, ọwọ́ òsì nìkan lo ń lò fún ọmọ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ dà?" Wọ́n padà sídìí ẹja wọn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tó ń ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kò mọ adùn kí ènìyàn máa ṣa ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìwé ilé-ìwé mi ni Kúnlé gbà, ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ń kọ ohun tó fẹ́ rà síbẹ̀, ó ń fà á rẹ́. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ti gbà kí ó máa gba pááti kọ̀ǹpútà dípò owó iṣẹ́. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé èmi ni mo wá di oníṣẹ́ láàárín òun àti Bàámi, nítorí àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀. Mo sáré lọ dúró síwájú Bàámi, mo gbàgbé pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàámi! Bọ̀dá ní fáànù kéékèèké mẹ́rin làwọn fẹ́ fi sí i!" Ojú Bàámi là. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn. "Mẹ́rin? Sọ fún oníranù yẹn pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó bá kéré tó sì ń sáré ló máa ń ké, òun náà ló ń tètè gbó. Kó wá ńlá, ẹyọ kan tàbí méjì, kó máa rọra yí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó ń rọra yí ló sin ọ̀gá méjì." Mo jíṣẹ́, mo yọ "oníranù" kúrò níbẹ̀. Kúnlé wò mí. "Bàámi ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu wọn gan-an?" Ó fa mẹ́rin rẹ́, ó kọ méjì ńlá.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó ń rán mi, Bàámi ń dá mi padà. Bàámi ní irin kéèsì rẹ̀, àpótí tí gbogbo ẹ̀yà yóò wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ nípọn, pé tín-ín-rín ló máa ń gbọ̀n. Kúnlé wá kéèsì ọ́fíìsì àtijọ́ kan tó wúwo bí àpótí aṣọ Ìyá Àgbà. Bàámi ní kí wọ́n má jẹ́ kí irin kan irin. Kúnlé gé rọ́bà sí ìdí gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Èyí tó dun Kúnlé jù ni káàdì tó ń fa àwòrán sójú mónítọ̀. Ó ti yan èyí tó le jù lọ́kàn, èyí tí gbogbo ilé gẹ́ẹ̀mù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù orí rẹ̀ ń súfèé. Ó wá mú òmíràn tí kò ní fáànù rárá, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ nìkan ló fi ń lé ooru jáde. Eré ìjà tó fẹ́ràn jù kò ní lè sáré dáadáa lórí rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ wá fẹ́ máa fi í ṣe?" Ó ní, "Ilé ni mo fẹ́ máa gbé." Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo rò pé kò gbọ́ ìbéèrè mi ni.

A lọ ra fáànù ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo nǹkan kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí: a fẹ́ ra ohun tí kì í pariwo ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń bá ẹ̀rọ agbóhùnsókè jà. Gbogbo fáànù tí Kúnlé gbé sétí ló dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run kọ ariwo fún wọn. Ó tún ń fi ọwọ́ wọn páwà wò, ìyẹn àpótí tó ń pín iná káàkiri inú kọ̀ǹpútà, nítorí èyí tó bá fúyẹ́, òfìfo ló wà nínú ẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí i. "Bọ̀bọ́, ṣé iṣu lo wá rà ni?" Kúnlé ṣàlàyé ohun tí a ń wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ó parí." Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fún wa ní fáànù márùn-ún lọ́wọ́ láìgba nǹkan kan, ó nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n ti kírun tán. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí yẹn, ibẹ̀ dákẹ́. Èyí tó bá wù yín, ẹ mú un wá." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, a sì jókòó sórí ẹní mọ́sáláṣí, Kúnlé ń fi bátìrì rédíò onígun mẹ́rin kan wáyà fáànù lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi di ojú, mo fi etí tì í. Àkọ́kọ́ ń kùn bí eṣinṣin. Èkejì ń ṣe "tíkì-tíkì". Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, mo ní, "Ẹ tàn án." Kúnlé ní, "Ó ti ń yí láti àárọ̀." A bú sẹ́rìn-ín débi pé alàgbà kan yọjú sí wa.

Nílé, gbogbo wa la tò ó, àfi ẹni tí a ń tò ó fún. Háàdì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí, máa ń yí gbùrùgbùrù, ó sì ń mi irin; Kúnlé lọ ra rọ́bà tí àwọn télọ̀ ń fà sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, ó fi so háàdì rọ̀ sáàárín kéèsì, kò kan ibì kankan. Nítorí eruku ọyẹ́, mo yọ́ gé igun aṣọ tí Ìyá Àgbà fi ń sẹ́ ògì, a nà án bo ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìyá Àgbà rí i. Wọ́n bú mi ní èdè Ìlàjẹ títí èdè náà fi tán, wọ́n wá wo bí a ṣe nà án, wọ́n ní ọwọ́ òdì la fi nà á, wọ́n tún un nà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kéèsì náà, wọ́n gbàdúrà: "Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ̀ ni kí o jẹ́ fún wa o." A ṣe àmín, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí Kúnlé tẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ rò pé kò gbaná ni. Iná kékeré pupa tàn, mónítọ̀ mọ́lẹ̀, ariwo kò sí. Mo fi etí lé e, mo gbọ́ ọkàn ara mi. Títí dòní, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé Kúnlé, fáànù kan péré la tíì pààrọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti ra oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó dákẹ́ tó o. Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Mo sáré lọ síwájú Bàámi. "Bàámi, ó ti ń ṣiṣẹ́! Ẹ gbọ́ nǹkan?" Wọ́n yí orí díẹ̀. Ojú wọn bàjẹ́. "Mo ń gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Ó ń hó. Ṣíìì, bí omi tó wà lórí iná."

Kúnlé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú u palẹ̀. Ó so fáànù mọ́ wáyà tí iná rẹ̀ kò pọ̀, kí ó lè túbọ̀ máa rọra yí. Bàámi ní ó ń hó. Ó gbé sìtébíláísà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàámi ní ó ń hó. Ó yọ fáànù kan, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ooru mú kéèsì náà, ó sì ṣì ń hó lójú Bàámi. Màámi bẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà bẹ̀ wọ́n. Bàámi ní àwọn kì í ṣe òpùrọ́, ohun tí àwọn gbọ́ ni àwọn ń sọ. Kúnlé wá bá mi lẹ́nu iná ẹja, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kò sí ohun tó ń hó nínú ẹ̀rọ yẹn, Fúnmi. Èmi ni Bàámi kò fẹ́ gbọ́." Ọjọ́ Ẹtì ló di báàgì rẹ̀. Mo bínú sí Bàámi lọ́jọ́ náà, irú ìbínú tí ọmọ máa ń ní sí bàbá, tí ìtìjú rẹ̀ kì í sì í tán kódà bó bá dàgbà.

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, báàgì náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kúnlé jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ta bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń dágbére. Bàámi wà lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí fèrèsé, oòrùn ń ràn sí wọn lójú. Ìyá Àgbà ń ṣa egungun ẹja sínú abọ́, Màámi ń máàkì ìwé. Àwọn oníná bá múná lọ. Mónítọ̀ ṣú. Kí ẹnikẹ́ni tó fa jẹnẹrétọ̀, àlàáfíà kan máa ń bọ́ sí Bàrígà fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀rọ ata dúró. Mo gbọ́ omi tó ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ojúlé kejì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Bàámi ti sọ̀rọ̀, wọn kò wẹ̀yìn. "Kúnlé, pa nǹkan yẹn. Ó tún ti ń hó."

Kúnlé ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ́ wa, "Wọ́n ti múná lọ, sà." Bàámi ní, "Ṣé n kò sọ pé kí o pa á ni?" Kúnlé tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀. Bàámi fi ọwọ́ lu apá àga, inú ti ń bí wọn. Kúnlé wá dìde, ó rìn yí àga náà ká, ó dúró sáàárín Bàámi àti fèrèsé, ó sọ ọ́ sókè. "Bàámi. Kò síná. Ẹ̀rọ náà ti kú."

Bàámi wò ó lẹ́nu. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ń ṣe, wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n wo mónítọ̀ tó ṣú. Wọ́n fi ìka kan dí etí ọ̀tún, wọ́n yọ ọ́, wọ́n dí ti òsì. "Kí ló wá ń hó?" ni wọ́n bi wá, ohùn wọn kéré bí ti ọmọdé. Màámi ti bo ojú. Ìyá Àgbà, tí n kò gbọ́ kí wọ́n rọ ohùn sílẹ̀ rí láyé mi, ní, "Akin mi. Ó mà ṣe o."

Bàámi jókòó sórí àga Kúnlé. Ojú Kúnlé ni wọ́n ń wò, oríkì rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. "Àjàní, mo ti bínú sí ẹ púpọ̀. Mo ní irú ọmọ wo ni mo bí, tí á wọlé, tí á jáde, tí kò ní kí bàbá ẹ̀. Mo ní bí kò bá kí mi, n kò ní bẹ̀ ẹ́. Ìgbà wo lo kí mi gbẹ̀yìn?"

Mo ti la ẹnu, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ẹja dì mí lẹ́nu. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàámi, ó gbé orí sókè kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀, omijé ń bọ́. Ó sì kígbe, igbe tí ilé wa kò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dún náà, débi pé àwọn aráalé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni, Bàámi! Ojoojúmọ́ ni mò ń kí yín!"

Bàámi gbọ́ ìyẹn.